Oògùn Tí Màámi Fi Ìgbálẹ̀ Wọ́n

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ìyá mi sí. Lánàá, òórùn oògùn kòkòrò ta sí mi nímú ní Ọjà'ba.

Ló bá dà bíi pé mo tún rí Màámi lẹ́yìnkùlé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó ń ki ìgbálẹ̀ bọ garawa oògùn, tó ń wọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

"Màámi, atẹ́gùn ń gbé e padà sí yín lójú!"

"Aláròyé, dákẹ́! Àbí èmi náà ti di kòkòrò ni?"

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó sì ṣubú. Mo pè é títí, kò dáhùn. Nítòsí orí rẹ̀, kòkòrò ń jẹun lọ. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé abẹ́ ewé ni wọ́n ń gbé, níbi tí oògùn ìgbálẹ̀ kì í dé.

Àwọn ará ilé sáré fi omi wẹ̀ ẹ́. Ó lajú.

"Aláròyé, ìwọ lò ń sunkún yẹn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ò ní pe ẹni tí ẹ fẹ́ràn kó má dáhùn.