Òkúta Tí Adìẹ Ìyá Mi Jẹ

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní bárékè ọlọ́pàá ní Maiduguri níbí, ìyá mi ń sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Owó ẹyin ló ń rán wa ní ilé ìwé.

Ní ọdún kan, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ: bí ẹ bá mú un lọ́wọ́, bí awọ ló rí, òmíràn á ti fọ́ ká tó gbé e wọlé. Àwọn oníbàárà ìyá mi ní agbègbè Post Office kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìyá mi rò ó títí, ló bá ní aládùúgbò wa kan ló ń fi oògùn ba ẹyin òun jẹ́, ìyàwó ọlọ́pàá bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ máa ń dáná. Ìdí ẹ̀rọ omi ló ti sọ ọ́, níṣojú gbogbo wa. Obìnrin náà gbé korobá rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ò bá wa ṣeré mọ́.

Àgùnbánirọ̀ kan tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọ̀sìn ẹran ló wá ra ẹyin.

"Mà, kí lẹ fi ń bọ́ wọn?"

"Àgbàdo àti dusa, èèpo ọkà tí àwọn Hausa ń tà."

"Wọn ò rí òkúta jẹ ni."

"Haba! Ta ló ń fún adìẹ lókùúta?"

Ó ṣàlàyé pé òkúta funfun kan wà tí wọ́n ń sun fi ṣe sìmẹ́ńtì, tí wọ́n ń lọ̀ sínú ọ̀dà àti ọṣẹ ìfọyín. Ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ni adìẹ fi ń ṣe èèpo ẹyin. A ra lílọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ adìẹ, a pò ó mọ́ dusa. Kò pẹ́, ẹyin le.

Ìyá mi ò yọ̀. Ó bu ẹyin sínú abọ́, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà.

"Ẹ má bínú. Oúnjẹ ni, kì í ṣe ẹ̀yin."

Obìnrin náà ní, "Ojú gbogbo bárékè lẹ ti bà mí jẹ́. Ojú wọn náà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ mí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ, ìyá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin náà fà á dìde. Wọ́n jọ dáná lọ́jọ́ náà.

Lónìí, ní Jiddari Polo tí mo ń gbé, inú àpò ni oúnjẹ adìẹ ti ń dé tòun ti òkúta rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi, tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, a máa bi fóònù léèrè ohun tó ń ṣe adìẹ wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ọjà ẹlòmíràn bá kùtà, mo ṣì ń gbọ́ tó ń dárúkọ aládùúgbò kó tó yẹ ohun tó ń tà wò.