Òkúta Ìyàwó Tí Wọ́n Fi Táìsì Bò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Ayétòrò ní Sátidé tó kọjá, torí bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́!

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé mi mọ iṣẹ́ mi. Mo máa ń lọ láti agboolé dé agboolé nílẹ̀ Yewa, mo ń gba ohùn àwọn àgbà sórí fóònù kí ìtàn wa má bàa bá wọn wọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bi mí pé ṣé mi ò níṣẹ́ ni.

Agboolé kan wà níbẹ̀ tí òkúta pẹlẹbẹ kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Wọ́n ní ìyá ńlá wọn ló rù ú wá láti ìhà Kétu nígbà tí ogun lé wọn. Orí òkúta náà ni wọ́n ti ń wẹ ẹsẹ̀ gbogbo ìyàwó tó bá fẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ wọn ti jẹ ẹ́ débi pé àárín rẹ̀ jin díẹ̀, ó sì ń dán. Màmá Àgbà, tó dàgbà jù nínú ilé náà, sọ fún mi pé ibi tí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ òun dúró ni tòun náà dúró.

Mo lọ bá Bàbá, olórí ẹbí. Mo ní ìṣúra ni òkúta yìí, àlejò á máa wá wò ó lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá wa tọ́jú ẹ̀. Bàbá ní kí n fọkàn balẹ̀.

Ẹ wá wo ìtọ́jú o!

Ní Sátidé yẹn, wọ́n ń gbé ìyàwó wọlé fún ọmọ-ọmọ Màmá Àgbà. Mo dé, mo wo ẹnu ọ̀nà. Táìsì! Funfun báláú, ó ń kọ mànà! Òkúta ti wà lábẹ́ símẹ́ǹtì. Bíríkìlà tó ṣiṣẹ́ náà, tó wá láti ìhà Kútọnu, ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń fi èdè Faransé sọ fún mi pé ó rẹwà: "Madáàmù, sé jólí!"

Jólí kẹ̀?

Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí èmi ni mo sọ pé àlejò ń bọ̀, ṣé òkúta lásán làwọn á fi hàn wọ́n ni? Ẹ gbà mí! Mo pariwo débi pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó ní kí n rọra, pé ilé bàbá mi kọ́ nìyí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ṣé ilé tiẹ̀ nìkan ni? Àwọn ìyàwó tó fẹsẹ̀ gbẹ́ òkúta yẹn ńkọ́?

Màmá Àgbà ò pariwo ní tiẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó jókòó sáàárín ẹnu ọ̀nà, ó gbé igbá omi lé itan.

"Àwo lẹ tẹ́ síbí yìí. A kì í wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lórí àwo. Bí mi ò bá rí òkúta, ìyàwó ò wọlé."

Orin dákẹ́. Àwọn ẹbí ìyàwó ń wo ara wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé tí ìnáwó bá parí, àwọn á hú u.

"Ṣé ìgbà tí ẹ bá sin mí tán lẹ fẹ́ wá bi mí níbi tó wà?"

Ìyàwó fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn. Ó ní, "Màmá, mò ń dúró."

Ni wọ́n bá ní kí bíríkìlà gbé òòlù wá. Mi ò ní purọ́ fún yín, ìró táìsì tó ń fọ́ yẹn dùn mọ́ mi! Òkúta jáde pẹ̀lú símẹ́ǹtì lára, etí rẹ̀ kan sì ti kán. Màmá ń fọwọ́ wá a kiri títí ó fi rí ibi tó jin. Ó da omi sí i. Ẹsẹ̀ ìyàwó náà wọ ibẹ̀ wẹ́kú.

Síbẹ̀, inú ṣì ń bí mi. Ta ló fẹ́ dá etí òkúta yẹn padà? Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a ò kórìíra ohun ìní wa, ojú rẹ̀ ló ń tì wá, àfi ká kọ́kọ́ fi nǹkan ẹlòmíràn bò ó. Kò sì sẹ́ni tó ronú láti bi obìnrin tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró lórí ẹ̀.

Kí ni wọ́n ti "tún ṣe" ní agboolé tiyín títí tó fi sọnù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Tí Màmá kan bá sì ṣì wà nílé tó mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bi í lónìí, kí bíríkìlà tó dé.