Bọ́ọ̀lù Tí Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó Mi Gbá ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kì í wọ ilé wa ní Obhur nílùú Jeddah láì tẹ orí ba lábẹ́ àtẹ́rígbà, bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn náà ga jù ú lọ dáadáa. Ó ní básíkẹ́ẹ̀tì ló kọ́ òun láṣà yẹn, nígbà tí òun ń gbá a fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń sanwó tó wá mú òun. Ẹnjiníà ni ní èbúté Jeddah báyìí, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá lanu sọ̀rọ̀, á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò gbá bọ́ọ̀lù jẹun rí, kí lẹ mọ̀?"

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà wá ṣe úmúrà. Èmi, ìyàwó mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ kí i nílé tó wọ̀ sí ní Mẹ́kà. A ò tíì jókòó tán tí ìyàwó mi fi bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájì, ṣé lóòótọ́ ni bọ̀dá mi gbá bọ́ọ̀lù?"

Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Ó gbá a o! Orí bẹ́ǹṣì ló máa ń jókòó sí. Ọjọ́ àṣekágbá ni wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ló bá sáré, ló fò sókè, ló ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tiwa. Bí ife ẹ̀yẹ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé ojú á ti bọ̀dá. Ó rọra gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí," ló wí. "Mo jù ú, ó sì wọlé."