Alágbàfọ̀ Tó Ń Kọ́ Ọ̀rọ̀ Márùn-ún Lóòjọ́

Ó ti tó ọdún mẹ́tàlélógún tí bàbá alágbàfọ̀ ti ń lọ aṣọ kí oníbàárà rẹ̀ kan, tíṣà, tó fi gẹ̀ẹ́sì bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn èèyàn. Ó dùn ún dé egungun. Lọ́jọ́ kejì, ó ra ìwé atúmọ̀ èdè tó nípọn bíi bíríkì, ó ní ọ̀rọ̀ márùn-ún lòun á máa kọ́ lóòjọ́.

Láràárọ̀, kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná, á ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ wọ́n sára ògiri. Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń bá a sá aṣọ, ló ń dán an wò. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kì í wù ú. Èyí tó bá gùn bí okùn ìsáṣọ ló máa ń mú. Ọdún kan ò pé tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Ọ̀rọ̀-Gígùn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ta lẹ fẹ́ sọ gbogbo eléyìí fún?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ọjọ́ ń bọ̀."

Ọjọ́ náà dé lóòótọ́. Níbi tó ti ń ka ara ògiri, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí kọ́là kóòtù tíṣà. Kó tó ṣẹ́jú, kọ́là ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Àfi bí tíṣà ṣe wọlé wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀-Gígùn kì í ṣe òpùrọ́. Ó na ọrùn, ó fi gẹ̀ẹ́sì rò ó látòkèdélẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò gba èémí méjì. Tíṣà mi orí bí ẹni pé ó yé e. Ó tún mi orí. Ó gba kóòtù nínú ọ̀rá, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Kò mà bínú!" ni ìyàwó wí.

"Ọ̀mọ̀wé ni," ni ọkọ fèsì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, tíṣà padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ìyàwó tíṣà ló rí kọ́là náà nílé.

"Ẹ jó kóòtù mi, ẹ wá dákẹ́!"

"Mo sọ fún yín lánàá, sà. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́."

Ìyàwó alágbàfọ̀ ló bọ́ sáàárín wọn. "Ẹ má bínú, sà. Ọkọ mi ló jó o. Télọ̀ á ti pààrọ̀ kọ́là náà kó tó di Ọjọ́rú." Inú tíṣà rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà jáde lọ ká aṣọ, tíṣà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kejì tẹ́ ẹ sọ lánàá yẹn, kí ló túmọ̀ sí?"

Ọ̀rọ̀-Gígùn ṣàlàyé. Tíṣà yọ báírò, ó ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Lẹ́tà ẹ́sì méjì ló wà níbẹ̀, sà," ni alágbàfọ̀ wí jẹ́jẹ́.