Ọwọ́ Àlímátù àti Aró Tó Ń Gbóná Láìsí Iná

Bí ẹ bá ń wá alágídí ní Òwu, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, kí ẹ wo Àlímátù níbi tó ti ń pa aṣọ láró. Ilé wa fara kan ara, mo sì ti bá a jà títí lórí omi aró tó ń ṣàn gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Kùdírátù ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ewé ẹ̀lú ni ìyá yẹn ń lò, àtẹ́lẹwọ́ ló sì fi ń mọ̀ bóyá aró ti jí, ìyẹn ni pé ó ti tó ri aṣọ sí. Á gbé ọwọ́ lé ara ìkòkò; bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tó ń sùn, ó ti jí nìyẹn. Nígbà tí sódà àti háídírò, àwọn kẹ́míkà òyìnbó, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀lú, Àlímátù kò yéé gbọ́wọ́ lé ìkòkò. Alágídí, mo kúkú ti wí.

Ṣé ẹ mọ sódà àwọn aláró? Funfun báyìí, bí iyọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti pàdé omi, ooru á tú jáde lára wọn, omi tútù á gbóná bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ pé kó ṣe sódà bí ẹní ń ro èlùbọ́, kó má ṣe é bí ẹní ń rẹ gàrí. Inú omi là ń da sódà sí díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé e lórí. Lọ́dún tó kọjá, Àlímátù ń kánjú àti lọ kírun, ló bá da omi lé sódà nínú abọ́. Ó hó, ó ta sókè, ó sì bó awọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ náà jinná, àmọ́ kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́; bí nǹkan bá kàn án pàápàá, kò mọ̀.

Rodiat ọmọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Àlímátù bẹ̀ ẹ́ títí, ni Rodiat bá ní, "Ó dáa. Ẹ pa ẹyọ aṣọ kan péré. Bó bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn o, Màámi."

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Àbẹ́là yíyọ́ ni Àlímátù fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ, kí aró má baà wọ ibẹ̀. Bí aṣọ bá wọnú aró tí ooru sódà ṣì wà nínú rẹ̀, àbẹ́là á yọ́, iṣẹ́ á pa rẹ́. Aró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù. Àtẹ́lẹwọ́ tó sì ń sọ fún un tẹ́lẹ̀ ti kú.

Lọ́jọ́ náà, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó da sódà sómi díẹ̀díẹ̀, ó po aró rẹ̀ pọ̀. Rodiat na ọwọ́ sí ìkòkò.

"Màámi, ẹ jẹ́ n bá yín fọwọ́ kàn án wò."

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Bóo bá padà sílé ọkọ ẹ, ta ni yóò máa bá mi fọwọ́ kàn án?"

Ó ha àbẹ́là wẹ́wẹ́, ó ju ọ̀kan sínú aró, ó fi ṣíbí gbé e jáde, ó fi igi tẹ̀ ẹ́ wò. Ó rọ̀ wẹ́lẹ́. Ó jókòó. Ó ju òmíràn sí i, ìyẹn náà rọ̀. N kò mọ̀ pé obìnrin yìí ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ lára. Èmi náà na ọrùn wò ó bí ẹni pé èmi ni mo ni aṣọ. Nígbà tó pẹ́, ọ̀kan dún pọ́kán, ó kán sí méjì.

Ó ní, "Bísímílláàhì," ó sì ri aṣọ bọ̀ ọ́.

Aṣọ jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó di búlúù lójú wa. Nígbà tí wọ́n fi omi híhó yọ àbẹ́là kúrò, gbogbo ewé ẹ̀gẹ́ tó yà síbẹ̀ dúró funfun báláú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹnu ọ̀nà mi tó tún ti rẹ sómi aró.

Rodiat bú sẹ́kún, ó ti ọwọ́ bọ àpò. Àlímátù bọ́ ìbọ̀wọ́, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i, kò sì gbójú kúrò lára aṣọ náà.

"Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

"Màámi, ó ti wà lọ́wọ́ yín."