Awọ Àgùntàn Tí Mo Tì Bọ Inú Yìnyín

Òórùn irun ẹran tó ń jó lórí iná táyà ni mo fi mọ̀ pé mo ti dé ibi ìpẹran Oko Ọba láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ìyá mi ló rán mi sí àbúrò wọn, Bọ̀dá Gàníyù alápatà, pé kí n gba awọ àgùntàn díẹ̀, tirun-tirun, èyí tí iná ò tíì kàn.

Bọ̀dá bú sẹ́rìn-ín. “Síkírá, ṣé ìyà SAP tíjọba kó wa sí yìí ti wá le débi pé irun ni wọ́n ń jẹ ní Ìkẹjà?”

Ẹ̀rín ò wá sẹ́nu mi. Ìyá mi ń gbálẹ̀ fún Dókítà obìnrin kan tó ń wádìí gbòǹgbò irun. Dókítà á gé awọ náà wẹ́wẹ́ bí orí ìṣáná, wọ́n á rì í bọ inú omi kan tó tutù débi pé ó ń rú èéfín, kó lè dì lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ ńlá wà, èyí tó ń fi ohun tójú ò lè rí hàn. Omi yẹn ti wọ́n gógó. Èyí tó kù ò lè kọjá ọjọ́ náà, torí ó ń bá afẹ́fẹ́ lọ bí wọ́n tilẹ̀ dé e. Wọ́n sì ti dá èèyàn méjì dúró níbi iṣẹ́ náà. Ìyá mi ní, “Má yà síbì kankan o. Iṣẹ́ mi ló wà lọ́wọ́ ẹ yẹn.”

Àwọn sójà dá ọkọ̀ wa dúró lọ́nà, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn mú gan-an. Mo fọwọ́ kan ọ̀rá awọ náà, ó gbóná. Àyà mi já pé yóò rà. Mo bẹ ìyá kan tó ń ta omi tútù, mo ti ọ̀rá náà sáàárín yìnyín wọn. Nígbà tí wọ́n fi ní ká máa lọ, ó ti le gbagidi. Kí n tó dé Ìkẹjà, ó ti yọ́.

Nígbà tí mo wọlé, Dókítà ti ń ṣí ìdérí omi tó ń rú èéfín náà. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé, “Ó dáa tí kò gba inú fíríìjì kọjá. Tó bá rọra dì, yìnyín á fa inú ẹ̀ ya, bíi tòmátò tó dì tó tún yọ́.”

Mo sọ fún wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ti dì lẹ́ẹ̀kan.”

Ìyá mi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Dókítà dé ìdérí padà. “Ìyá Síkírá, ẹ dìde. Ẹ sáré lọ mú òmíràn wá.”

A sáré. Nígbà tá a padà dé, èéfín ṣẹ́kù díẹ̀ nísàlẹ̀. Ó tó. Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi sọ fún mi lórí ẹ̀ ni pé, “Epo tó bá ta sáṣọ, ìgbà tó ṣì tutù là ń fọ̀ ọ́.”

Mo ti lọ́mọ-ọmọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ba bílẹ́ńdà ọmọ mi jẹ́, mo rọra gbé e padà sáyè ẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń bá ọkọ ẹ̀ jà pé ọkọ ló bà á jẹ́, èmi sì jókòó, mò ń ka tẹ̀súbáà. Síkírá ọmọ ọdún mẹ́wàá ì bá ti sọ̀rọ̀.