Ọmọ Ẹṣin Tí Omi Lé Wá sí Ògùdù

Mo rántí ìgbà tí òórùn ẹṣin kọ́kọ́ wọ inú aṣọ mi tí kò sì fẹ́ jáde mọ́. Mo fọ aṣọ náà, mo sá a sóòrùn, síbẹ̀ bí mo bá jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kétu lọ́jọ́ Sunday, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á máa fi imú wá ohun tó ń rùn. Ìyá mi ní kí n lọ wá iṣẹ́ gidi. Lójú tèmi, iṣẹ́ gidi ni mo rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìpolówó ọjà, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹnu mi kò lè tà láyé. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà, tí wọ́n ń gbé ní GRA Ògùdù, ló gbà mí síṣẹ́. Àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ojúlówó ẹṣin Lárúbáwá káàkiri Nàìjíríà, yàrá kan nínú ilé wọn la sì fi ṣe ọ́fíìsì. Daddy ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Iṣẹ́ mi ni láti máa fi orúkọ àwọn ẹṣin sínú ìwé ìran: ta ni bàbá rẹ̀, ta ni ìyá rẹ̀, ta ló bí ìyá ìyá rẹ̀, títí dé àwọn ìran tí èmi fúnra mi kò lè kà nínú ìdílé tèmi. Bí mo bá ṣe ìyẹn tán, màá tún máa polówó wọn lórí rédíò àti lórí ayélujára, kí ará ìlú lè mọ̀ pé ẹṣin ju ẹṣin lọ. Mo máa ń kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n bí sórí gàárì. Mo kọ ọ́ pé ọrùn ẹṣin Lárúbáwá tẹ̀ bí òṣùmàrè, pé ìrù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Ẹ má bi mí bóyá mo ti fọwọ́ kan ọ̀kankan nígbà yẹn. Ẹ̀rù ẹṣin ń bà mí débi pé tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀yìn Daddy ni mo máa ń dúró sí, tí màá sì máa ya fọ́tò láti ibẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Òkè Ọya kò gbà pé irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ lè gbé Èkó. Wọ́n ní ọ̀rinrin ilẹ̀ wa á jẹ ẹ́ ní pátákò, ohun tí ọ̀rinrin bá sì jẹ kù, ẹ̀fọn á jẹ ẹ́. Alhájì kan láti Kano ni alága ẹgbẹ́. Wọ́n ti ṣòwò ní Ìlọrin rí, nítorí náà Yorùbá wọn já gaara, wọ́n sì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lórí fóònù: “Aunty Èkó, ẹja ni kí ẹ máa sìn níbẹ̀ o. Ẹ fi ẹṣin sílẹ̀ fún wa.” Àmọ́ Daddy bẹ ẹgbẹ́ títí wọ́n fi yọ̀ǹda abo ẹṣin kan tó lóyún fún wọn. Àdéhùn rẹ̀ ni pé tí ó bá bímọ, tí ọmọ náà sì dàgbà díẹ̀, Alhájì àti dókítà ẹran ẹgbẹ́ á wá wo ibi tí wọ́n ń gbé. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ìyá àtọmọ á dúró, wọn á sì kọ ọmọ náà sínú ìwé ìran gẹ́gẹ́ bí ti wa. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn méjèèjì á padà sí Òkè Ọya.

Ilẹ̀ kan lẹ́yìn ọjà Mile 12 ni Daddy kọ́ ilé ẹṣin sí, nítòsí odò, nítorí koríko tútù pọ̀ níbẹ̀. Mallam kan láti Kàtsínà ló ń tọ́jú wọn. Ibẹ̀ ni abo ẹṣin náà bí sí, ó bí ọmọ pupa kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí igi àgéré, abo bí ìyá rẹ̀. Daddy fi fọ́tò ọmọ ẹṣin náà ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ìyàwó wọn nìkan ni kò wò ó.

Mummy, bí a ṣe ń pe ìyàwó Daddy, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹṣin sétí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ ọkọ wọn ń fẹ́ ìyàwó kejì, abo ẹṣin lọkọ tiwọn lọ fẹ́. “Ó kéré tán,” Mummy á ní, “ìyàwó kejì á bá mi gbálẹ̀.” Òdòdó ni Mummy fẹ́ràn. Wọ́n gbin onírúurú rẹ̀ yí gbogbo ọgbà ilé ká, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń bomi rin wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tí àwọn àlejò ń bọ̀, òjò rọ̀ bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Daddy lọ sí Kano láti bá wọn wọ bàlúù bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa dé, mo ń múra ọ́fíìsì lọ́wọ́ nígbà tí Mallam pè mí.

“Aunty, omi ti wọlé! Ẹ tètè máa bọ̀!”

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, kò jọ pé onílé lè sọ pé òun ò gbà. Odò ti kún bo koríko, omi ti mu Mallam dé orúnkún. Abo ẹṣin náà dúró nínú omi, ó ń fọn imú. Ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń gbọ̀n. Gbogbo ọ̀rọ̀ òṣùmàrè àti àsíá fò lọ lórí mi.

“Ibo la máa kó wọn lọ?” Mallam bi mí.

Mo pe Daddy, fóònù kò lọ. Inú bàlúù ni wọ́n wà. Nínú gbogbo ibi tí mo mọ̀ ní Kosọfẹ́, ọgbà kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn tó fẹ̀ tó sì wà lórí ilẹ̀ gíga. Mo gbàdúrà kúkúrú, mo pe ẹni tó ni ín.

“Ẹ káàárọ̀, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi ti wọ ilé ẹṣin. Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé ká kó wọn wá sílé.”

“Ilé ta ni?”

“Ilé yín, mà.”

“Nínú ọgbà òdòdó mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó lè lúwẹ̀ẹ́?”

“N ò mọ̀, mà. Ó kàn ń gbọ̀n ni.”

“Ó ń gbọ̀n, o sì dúró, ò ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ẹ gbé e máa bọ̀ jàre!”

Mallam sáré wọ ọjà, ó bá ọmọ ìlú rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já tòmátì tán sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù náà fi fi ẹ̀yìn rìn wá sí etí omi. Àwọn alábàárù gbé pákó lé e lẹ́yìn, wọ́n sì gbé ọmọ ẹṣin náà sókè bí apẹ̀rẹ̀ ata. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ gun pákó. Ó ń fà sẹ́yìn, ọmọ náà sì fẹ́ fò sílẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ.

“Aunty, ẹ di ọrùn rẹ̀ mú!” Mallam kígbe.

Èmi? Mo wò yíká, kò sí Aunty mìíràn. Mo gun inú ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ sórí tòmátì tó ti fọ́, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọmọ ẹṣin náà mọ́ra. Ara rẹ̀ gbóná ju bí mo ṣe rò lọ. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, tèmi náà ń lù kìkì, n kò sì mọ èyí tó ń yára jù. Bí ó ṣe ké báyìí, ìyá rẹ̀ fò sókè wọlé sáàárín wa. Báyìí la ṣe gba Kétu kọjá, tí àwọn èrò ń nawọ́ sí wa, tí wọ́n ń pariwo pé, “Ẹ wo Aunty nínú tòmátì!” Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, èmi ni wọ́n ń polówó.

Ẹnu géètì la ti bá Mummy, pẹ̀lú tówẹ̀lì funfun tí wọ́n máa ń tọ́jú fún àlejò. Wọn kò kí mi. Ọmọ ẹṣin náà ni wọ́n lọ bá tààrà, wọ́n ń nù ún lára, wọ́n ń sọ pé, “Pẹ̀lẹ́, màmá mi, pẹ̀lẹ́.” Ìyá rẹ̀ ní tiẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò, ó yà sídìí òdòdó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mallam sáré láti fà á kúrò.

“Fi í sílẹ̀,” Mummy wí. “Abiyamọ ni. Ebi á ti máa pa á.”

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí alága ẹ́sítéètì fi dé, inú ń bí wọn. Wọ́n ní òfin kò gba ẹran ọ̀sìn láàárín ilé. Mummy dúró ní géètì, wọ́n káwọ́ pọ̀ sí àyà.

“Ajá yín ń gbó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, sà. Ẹṣin mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti dé.”

Ẹṣin mi! Mo bojú wo Mallam, Mallam bojú wo ilẹ̀. Alága ní àwọn fún wọn di ọjọ́ kejì, wọ́n sì kúrò níbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Daddy wọlé pẹ̀lú Alhájì àti dókítà ẹran, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ní àpò dúdú lọ́wọ́. Daddy wo imí ẹṣin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo òdòdó tó ti di kùkùté, wọ́n wá wo ìyàwó wọn. Dókítà yẹ ìyá àtọmọ wò, ó ní ara wọn le. Ó fa irun díẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lára ọmọ náà, èyí tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sókè òkun láti fi mọ̀ dájú pé kò sí àdàlù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhájì mi orí.

“Ẹnjiníà, mo bá yín yọ̀ pé wọ́n yè. Ṣùgbọ́n omi ti gba ilé wọn, ibí yìí sì kì í ṣe ilé ẹṣin. Àdéhùn ni àdéhùn. Wọ́n á bá wa padà.”

Daddy tẹ orí ba. Mo rí i pé ojú wọn ti pọ́n. Mummy ló fi tówẹ̀lì sílẹ̀.

“Alhájì, ẹ dákun. Ilẹ̀ bàbá mi wà ní Ìjẹ̀bú, orí òkè ni. Odò kan kò dé ibẹ̀ rí. Koríko ibẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò mọ ẹni tí màá ní kó bá mi ro ó.”

“Ilẹ̀ tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí?” Daddy bèèrè jẹ́jẹ́.

“Ìwọ lò ń tọrọ rẹ̀ nígbà yẹn,” ni Mummy dá wọn lóhùn. “Ọmọ yìí ni mo fún.”

Alhájì rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi yẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa, títí kan àwọn ẹṣin, lọ sí Ìjẹ̀bú, Alhájì àti dókítà rìn ká ilẹ̀ náà, wọ́n fi bàtà tẹ ibẹ̀, wọ́n ní ó dára. Alhájì ní kí wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Daddy ti wá àwọn orúkọ Lárúbáwá aládùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mummy ló kọ́kọ́ lanu: “Omíyalé.” Kò sẹ́ni tó lè bá wọn jiyàn. Nígbà tí èsì irun dé láti òkè òkun, tí ó ní ojúlówó ni, mo kọ orúkọ náà sínú ìwé ìran láàárín àwọn Sultan àti Amira.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, a mú Omíyalé lọ sí ìfihàn ẹgbẹ́ ní Kaduna. Ẹni tó ń kéde mú ìwé, ó wò ó, ó ní, “Umm Ali, láti Èkó!” Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ẹni tó jókòó tì mí sọ pé orúkọ Lárúbáwá yẹn nìkan ti fi hàn pé ìran rẹ̀ mọ́. Mummy fẹ́ dìde láti ṣàtúnṣe, Daddy rọra fà wọ́n ní ìró jókòó. Ipò kẹta la gbà, ṣùgbọ́n bí Mummy ṣe ń jó, ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn á rò pé àwọn ni wọ́n gba ife.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ìpolówó ilé ni mò ń ṣe nísinsìnyí, Ifákọ̀ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ẹsẹ̀ Daddy kò fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn mọ́. Ìjẹ̀bú ni wọ́n wà pẹ̀lú Mummy, wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi, àwọn ẹṣin á sì máa wá fi imú kan èjìká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó wá kí bàbá. A máa ń lọ kí wọn. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, ọmọbìnrin mi bi mí nínú ọkọ̀ bóyá mo ti gun ẹṣin rí. Mo ní rárá, n kò gùn ún rí.

“Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀ nígbà yẹn?”

Mo rò ó títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo ní mò ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn ẹṣin rẹwà. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni.